Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Purọ́ Mọ́

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ẹni tó ni ín ti fi ẹnu ara rẹ̀ tú u síta lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ ọ́ kì í ṣe olófòófó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti Mátíróònù tí mò ń wí yìí ti kọjá ogún ọdún dáadáa. Ó jọ pé òtítọ́ náà yà sinmi lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó dé, ó sì bá a lórí pèpéle gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu rẹ̀.

Orí-Ju-Ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń pè é. Kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ korokoro ni, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Nígbà tó fi jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, kí ẹlòmíràn tó ṣí ìdérí kálàmù, Mátíróònù ti mọ iye oògùn tí wọn yóò fà sínú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, kò sí ọdún tí àwọn ọmọ tuntun wọlé tí wọn kì í pè é wá bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n máa ń gbé fún un: ǹjẹ́ àwọn ẹ̀rọ ayé òde òní kò ti ń jẹ ọpọlọ ọmọ èèyàn? Mátíróònù á ní wọ́n ń jẹ ẹ́ o. Á wá na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, níbi tí wọ́n kan àpótí onígíláàsì kékeré kan mọ́ ògiri. Ẹ̀rọ ìṣirò kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ẸNI TÓ BÁ FI ÌRÒNÚ FÚN Ẹ̀RỌ, Ó FI Ẹ̀MÍ FÚN UN. Gbogbo wọn ló mọ ìtàn náà. Nọ́ọ̀sì kan wà nígbà kan tó gbójú lé ẹ̀rọ yìí, kò ronú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́run ló ní kí Mátíróònù wà nítòsí. Wọ́n lé nọ́ọ̀sì náà lọ. Kò sì sí ọmọ kan tó béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Lọ́dún yìí, ọmọ-ọmọ Mátíróònù wà lára àwọn tó wọlé. Òun ló tọ́ ọmọbìnrin náà láti kékeré, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ọmọ náà wálé lópin ọ̀sẹ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń sọ gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ fún ìyá àgbà, ó sì dé orí ìtàn ẹ̀rọ inú gíláàsì. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá, ṣé òpè ni nọ́ọ̀sì yẹn ni? Báwo lèèyàn ṣe máa kàwé débẹ̀, kó wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a ronú?"

Ọsàn ni Mátíróònù ń bó lọ́wọ́. Ọ̀bẹ náà dúró. Ó ti ń sọ ìtàn yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò rò ó rí pé ẹnì kan yóò gbé e padà wálé wá sọ fún òun. Ojú tì í, ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ da èèpo ọsàn nù, ó sì pẹ́ níwájú garawa náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá nọ́ọ̀sì inú ìtàn náà lọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé orúkọ tí wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù nìyẹn: tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì yá lọ́wọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú títì, aṣọ fèrèsé ló sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nígbà tí Mátíróònù wọlé. Abẹ́rẹ́ kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Mátíróònù jókòó, ó sì pè é ní Mà, bó ṣe máa ń pè é láyé ọjọ́un. Mátíróònù fẹ́ kúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìde, ó dì í mú lápá.

"Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Mà. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé, ìyẹn náà wà lára ohun tó kó bá wa. Kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù yìí lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ibi tí ẹ ti bà á jẹ́ ni kí ẹ lọ tún un ṣe."

Mátíróònù bi í bóyá yóò wá síbẹ̀ tí òun bá fẹ́ sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ní òun kò ní í lè wá, ẹni tó ni aṣọ fèrèsé náà ń bọ̀ wá gbà á. Ó jókòó padà, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Bí Mátíróònù ṣe dé gbọ̀ngàn náà nìyẹn, lọ́jọ́ tí a ń wí. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ nínú aṣọ funfun, wọ́n sì ti tọ́jú fóònù wọn pa mọ́, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, tí òun náà ti ṣe nọ́ọ̀sì kékeré lábẹ́ Mátíróònù rí, fi ọ̀rọ̀ dídùn kí i káàbọ̀. Mátíróònù gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohun tó sì kọ́kọ́ wí ni pé kí wọ́n kó fóònù wọn jáde. Wọ́n wo ara wọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi orí ṣírò kó fi orí ṣírò, ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ṣe é, òun kò bá a jà. Ó gbé ìṣirò kan kalẹ̀. Ọmọ kan wà tó wọn kílò mẹ́wàá. Dókítà ní kí wọ́n fún un ní mílígíráàmù mẹ́ta oògùn gìrì fún kílò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò oògùn náà pé mílígíráàmù mẹ́wàá ló wà nínú mìlílítà kan. Mìlílítà mélòó ni wọn yóò fà?

Kì í ṣe ìṣirò tó le. Ó rí i bí orí wọn ṣe tẹ̀, tí wọ́n tún gbé e sókè wéréwéré. Ó wá ní, "Mìlílítà mẹ́fà ni. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn, ohùn wọn sì dùn ún gbọ́. Ó rí ọmọkùnrin kan níwájú tó yára pa ohun tó wà lójú fóònù rẹ̀ rẹ́. Ó rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí ẹnu tirẹ̀ náà là pẹ̀lú tàwọn yòókù. Mátíróònù wò wọ́n títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọwọ́.

"Ẹ jókòó dáadáa," ni ó wí. "Òtítọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí n kò bá sọ ọ́, yóò bá mi wọ sàréè, sàréè náà kò sì ní í gbà á."

Ó ní ọmọ inú ìṣirò yẹn, òun kò hùmọ̀ rẹ̀, ọmọ gidi ni. Gìrì ló gbé e, ìyá rẹ̀ sì pọ̀n ọ́n wọ wọ́ọ̀dù láìwọ bàtà. Ó ní òfin kan wà ní wọ́ọ̀dù náà: kí wọ́n tó gún ọmọdé lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì méjì gbọ́dọ̀ ṣírò oògùn, kálukú lọ́tọ̀, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Òfin tó dára ni, òun alára ló ń fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òun lòun dàgbà jù, nítorí náà òun lòun máa ń kọ́kọ́ sọ tòun. Ẹnì kejì á ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i, Mà." Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí nǹkan mìíràn rí, òun sì rò pé nítorí pé òun mọ̀ ọ́n ni. Ó ní kò wá sí òun lọ́kàn pé ẹnì kejì kò ṣírò nǹkan kan. Agbéraga ni òun, ó ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣírò ní tòótọ́, ó ní Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Abẹ́rẹ́ ní ẹ̀rọ ìṣirò kékeré kan nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, òun sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tí bátìrì bá kú ńkọ́. Abẹ́rẹ́ á ní, "Oòrùn ló ń lò, Mà." Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ọmọ yẹn wá, ìgò oògùn gìrì ti yí padà. Tuntun tí wọ́n kó wá lágbára ní ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìgò gàdàgbà. Abẹ́rẹ́ kà á. Òun kò kà á. Kí ni òun fẹ́ kà? Láti ìgbà tí Abẹ́rẹ́ ti wà nílé-ìwé ni òun ti ń fa oògùn yẹn. Òun ní mẹ́fà, nítorí pé mẹ́fà ni fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé.

Ó ní Abẹ́rẹ́ kò dáhùn bí àwọn tó kù. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un tẹ̀, ó wá gbé e wá sí iwájú òun. Ó ní, "Mà, nǹkan mìíràn ni mo rí." Mátíróònù ní òun kò wo ojú ẹ̀rọ náà. Òun fi ọwọ́ tì í. Òun ní ṣé òun ni ẹ̀rọ wá fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ni, kó fi í sápò, ọmọ ń kú lọ. Abẹ́rẹ́ fi í sápò. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni, Mà." Òun fúnra òun lòun gún abẹ́rẹ́ náà.

Gìrì dáwọ́ dúró. Ìyá ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, èémí rẹ̀ ń di tín-ín-rín, ètè rẹ̀ ń di dúdú. Ìgbà yẹn ni òun tó wo ara ìgò. Òun mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sáré pe dókítà, wọ́n fi ọwọ́ fún ọmọ ní atẹ́gùn títí apá fi ń ro wọ́n. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó ti dàgbà báyìí, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn kiri.

"Ìyẹn, àṣìṣe ni," ni Mátíróònù wí. "Àṣìṣe kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́ lónìí."

Ó ní òun mú Abẹ́rẹ́ wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn sí, òun ti ilẹ̀kùn. Òun ní bí wọ́n bá gbọ́ pé òun ló ṣe é, wọ́ọ̀dù máa tú. Òun ní ẹ̀rọ kò lẹ́nu, kò níyàá, kò sẹ́ni tó máa lé e níbi iṣẹ́, kí àwọn di ẹ̀bi náà rù ú. Kí Abẹ́rẹ́ sáà sọ pé ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde lòun fà, ìbáwí lásán ni wọ́n máa fún un, òun á sì dúró fún un níwájú ìgbìmọ̀. Abẹ́rẹ́ sunkún. Nǹkan kan péré ló béèrè: "Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Mà?" Òun ní ṣé ọmọ òun kọ́ ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fi mú un nìyẹn, òun sì mọ̀ pé òun á fi mú un.

Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó. Abẹ́rẹ́ sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. Ọ̀gá ilé-ìwòsàn mi orí, ó ní òun ti mọ̀ pé ibi tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbé àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ nìyẹn, pé wọn kò ronú mọ́. Gbogbo wọn mi orí pẹ̀lú rẹ̀. Mátíróònù ní òun rí i pé inú wọn dùn, nítorí pé wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìwà yẹn kò ṣe é fi ìbáwí lásán sílẹ̀, àfi kí wọ́n lé e lọ. Wọ́n wá bi òun bóyá òun ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.

"Mo dìde," ni ó wí. "Abẹ́rẹ́ gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo ní, 'Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kìlọ̀ fún un nípa ẹ̀rọ yẹn.' Mo sì jókòó. Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ nìyẹn."

Ó ní Abẹ́rẹ́ kò sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó yọ ẹ̀rọ náà lápò, ó gbé e sórí tábìlì, ó ṣí fìlà nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fi lé e lórí, ó sì jáde. Ẹ̀rọ kan náà ló wà nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ó ní wọ́n pe òun wá láti sọ bóyá ẹ̀rọ ń gba ìrònú lọ́wọ́ èèyàn. Ó ní òun kò mọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, nítorí òun mọ ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ fóònù bóyá òjò ń rọ̀, tí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù tòun, òun gan-an ni ẹ̀rọ. Òun ni wọ́n ń tẹ̀, òun lòun ń dáhùn, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ ìdáhùn náà wò. Ó ní orí tí wọ́n ń yìn yìí kò ronú lọ́jọ́ náà, ó kàn rántí ni. Ẹni tó ronú ni ẹni tó ka ara ìgò, ẹ̀rọ ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ tí kò sí níbẹ̀, àti lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀, àti lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tí òun ti fi irọ́ bọ́ lórí pèpéle yìí. Ó ní kí wọ́n má ṣe gba ohunkóhun gbọ́ nítorí irun funfun ẹni tó sọ ọ́.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dìde, ó rọra gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Màmá. Ó ní ṣé wọ́n rí ọgbọ́n àgbà, bí Màmá ṣe fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ kí ẹ̀kọ́ náà lè wọ̀ wọ́n lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé mọ̀ pé Màmá ló gba ọmọ yẹn là. Àwọn ọmọ náà mí kanlẹ̀. Wọ́n bú sí àtẹ́wọ́.

Mátíróònù ti múra de èébú. Ó ti rò ó pé wọ́n lè pariwo lé òun lórí, pé wọ́n lè máa jáde níkọ̀ọ̀kan. Kò múra de àtẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà á, torí ó rí i pé wọ́n ti fẹ́ kan òtítọ́ náà mọ́ inú gíláàsì tirẹ̀, Abẹ́rẹ́ yóò sì wà nínú ẹ̀bi títí láé, níwọ̀n bí ẹni tó parọ́ ti jẹ́wọ́ tí wọn kò gbà á gbọ́. Ó la ẹnu, àtẹ́wọ́ bo ohùn rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ dìde ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò pàtẹ́wọ́, ó kàn dúró, àwọn tó jókòó tì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́, àwọn tó tẹ̀ lé wọn náà dákẹ́.

"Màmá," ni ó wí, "iye tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i kí ẹ tó sọ tiyín. Mo kàn ní bẹ́ẹ̀ ni nítorí pé ẹ̀yin ni."

"Mélòó lo rí?"

"Mẹ́ta."

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

"Mẹ́ta, Mà."

"Iye tí Abẹ́rẹ́ rí nìyẹn," ni Mátíróònù wí.

Ọmọkùnrin iwájú yẹn ní mẹ́ta lòun náà rí. Ẹnì kan wí i lẹ́yìn. Láìpẹ́ wọ́n ń wí i káàkiri gbọ̀ngàn, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tó ń sọ ohun tí ojú ń tì í láti sọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jókòó. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun náà ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ Mátíróònù rí nígbà tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, ó sì ti wí "bẹ́ẹ̀ náà ni mo rí i, Mà" títí ó fi gba ìgbéga.

Mátíróònù sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn bá òun tú àpótí náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, ó ní ohun ìní ilé-ẹ̀kọ́ ni, Mà, pé ó yẹ kí wọ́n jíròrò rẹ̀ ná. Mátíróònù ní, "Ti Abẹ́rẹ́ ni." Ọ̀gbẹ́ni náà wo àwọn méjèèjì, ó mú ohun tó fi ń tú ìṣó, ó sì tú u. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gba ẹ̀rọ náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Nígbà tí wọ́n jáde síta, oòrùn ta sí ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà òdo kan sì yọ lójú rẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. Mátíróònù ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ, kí aránṣọ tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Wọ́n rìn díẹ̀ kí ọmọ náà tó béèrè pé, "Màmá, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?"

Mátíróònù sọ orúkọ náà fún un, èyí tí òbí sọ ọ́, ó sì fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Ọmọ náà ń wí i lábẹ́ ẹnu títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ó má baà ṣì í pè.